Ẹ̀rọ Tí Bàbá Ilé Kì Í Pa

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì kan lókè òkun máa gbé kọ̀ǹpútà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ń fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan láti fi bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, dókítà máa yọ gògóńgò obìnrin náà nítorí jẹjẹrẹ. Wọ́n ní yóò yè é, àmọ́ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ohùn tó kù fún un kò ju ti ọjọ́ kan ṣoṣo lọ, àbúrò rẹ̀ sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta tí ayélujára ti kọ̀ nínú ilé. Òkè tó yí àdúgbò náà ká kì í jẹ́ kí fóònù alágbèéká mú níbẹ̀. Ibi tó ti ń mú, ìrìn wákàtí méjì ni nínú ọkọ̀, aago mẹ́ta sì ti lù.

Agbẹ̀bí ni gbogbo èèyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò tíì pé oṣù kan. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni ọkùnrin náà ṣe títí tó fi darúgbó, kò sì sí ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà tó gbà pé ó dára tó èyí tí òun lè fọwọ́ ara òun ṣe. Kò jẹ́ kí ayélujára wọlé tààrà bíi ti ilé ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan ló gbé lé orí àpótí ní yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Linux sí i, ó ní ẹ̀rọ náà ni yóò máa ṣe oníbodè láàárín ilé àti ìta. Wáyà kan wọ inú rẹ̀ láti ìta, èkejì jáde lọ sínú ilé. Odidi ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi pa á.

Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹlifóònù, ló wá bá a wò ó. Sùúrù ni wọ́n ń pe bàbá náà, nítorí bí ìgbín bá bá a sáré, ìgbín á dúró dè é lọ́nà. Ó kọ́kọ́ nu dígí ojú rẹ̀, ó tún un nù, ó wá jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, aago ń lọ."

"Ìyàwó wa, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Èyí tí a fi ẹ̀sọ̀ mú títí tó fi bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ńkọ́?"

Sùúrù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹjú mọ́ṣẹ́. Láti orí kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀, ó tẹ àṣẹ kan tí ẹ̀rọ fi ń pe ẹ̀rọ, ó ké sí oníbodè yẹn. Oníbodè jẹ́ ẹ. Ó dìde, ó lọ sí yàrá kékeré, ó ti ibẹ̀ ké sí ìta. Ìta náà jẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ó padà sí pálọ̀, ó ké sí ìta láti ibẹ̀. Ìta kò jẹ́ ẹ rárá.

Ó ní ẹ̀rọ náà ń gbọ́ tilé, ó ń gbọ́ tìta, kò kàn jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an mọ́ ni. Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Agbẹ̀bí wolẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ayélujára tó wá lánàá béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì sọ fún un pé rárá. Ìyẹn ní wáyà tàwọn kò ní àbùkù, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Èmi ni mo pa á," ó wí. "Lóru ọjọ́ tó kọ̀ yẹn, mò ń lọ káàkiri ilé, mò ń pa gbogbo ohun tó tàn sílẹ̀. Rédíò, fáànù, iná ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo dé ìdí ẹ̀rọ yẹn, ó ń mí, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń mí bí ẹni tó wà nínú yàrá. Mi ò lè fara dà á."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún un tàn, iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, ó rò pé kò sí nǹkan.

Sùúrù kò bá a wí. Ó ṣàlàyé pé ọkọ rẹ̀ ló fi ẹnu lásán pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà, kò kọ ọ́ síbi tí yóò ti kà á nígbà tó bá jí. Ẹni tí kò ní sùn láé, kí ló fẹ́ fi ìwé ìrántí ṣe? Ó ṣí ibi tí àṣẹ àkọ́kọ́ wà, èyí tó ní kó máa jẹ́ iṣẹ́ láti inú ilé lọ síta, ó bá òdo níbẹ̀, tó túmọ̀ sí rárá, ó sọ ọ́ di ọ̀kan. Wọ́n lọ wò ó ní pálọ̀. Òfo. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

Wọ́n padà sídìí oníbodè. Sùúrù ní iṣẹ́ ti ń jáde báyìí, àmọ́ àdírẹ́sì inú ilé ló wà lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìyẹn níta, ìdí nìyẹn tí èsì kò fi mọ̀nà padà. Oníbodè gbọ́dọ̀ máa fi àdírẹ́sì tara rẹ̀ sí i. Àṣẹ kan wà fún un, ṣùgbọ́n òun kò rántí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Agbẹ̀bí ló rántí pé ọkọ òun máa ń tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà tó kọjú sókè, tí ohun tó ti kọ rí á sì máa padà wá. Ó nawọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan yọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá síwájú, títí Sùúrù fi ní kó dúró. Àṣẹ náà nìyẹn. Ó ní kó tún tẹ̀ sí i, kí àwọn rí ohun tó ṣáájú rẹ̀. Àṣẹ kan náà ni, lẹ́tà kan fò. Èyí tó ṣáájú ìyẹn, lẹ́tà méjì fò. Nígbà tí wọ́n fi dé òpin rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti ṣì í kọ.

"Ó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun kọ ọ́ tó fi ṣiṣẹ́," Agbẹ̀bí wí.

"Irọ́ ló pa fún ọ. Èyí tí kò tún kọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣiṣẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ya Agbẹ̀bí lẹ́nu pé ẹ̀rín ṣì kù nínú òun. Sùúrù padà sórí èyí tó pé, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé fún oníbodè.

Nígbà tí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ ní pálọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà ti lọ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohùn náà ti ha, bí ìgbà tí èèyàn ń fa àpótí nílẹ̀.

"Ta lọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn? O ti tètè rí òmíràn fẹ́?"

Sùúrù jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọn kò sọ ohun ńlá kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ní kó má jókòó nínú òkùnkùn, ó bú u pé ó ti rù. Ó wá gbá èémí jọ, ó pe oríkì rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, kò sí ẹnu mìíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, Agbẹ̀bí sì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì wá bo ojú ẹ̀rọ náà.

Ó pẹ́ kí Sùúrù tó wọlé. Ó ní ó yẹ kí àwọn kọ àṣẹ méjèèjì sílẹ̀ báyìí, kí àwọn pa ẹ̀rọ náà, kí àwọn tún un tàn, kó lè dá àwọn lójú pé kò ní gbàgbé mọ́.

"Ẹ kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má pa á títí ọ̀la á fi kọjá. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, orí bébà ló máa kọ ọ̀rọ̀ sí, á gbé e sókè kí n kà á."

Sùúrù ní ó dára, wọ́n sì lọ sídìí oníbodè. Ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó ní kó máa pe lẹ́tà àṣẹ náà fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbẹ̀bí tẹjú mọ́ àṣẹ náà lójú ẹ̀rọ. Ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é.