Fọ́ọ̀mù Àkọ́kọ́ Tí Ligaya Kọ

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, pápá bọ́ọ̀lù yunifásítì kan nílùú Iloilo, ní Philippines, kì í ṣeé rìn. Kánópì lọ́tùn-ún, kánópì lósì. Àwọn tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ní tábìlì tiwọn, àwọn ilé ìkàwé ní tiwọn, ẹgbẹ́ akọrin ń pariwo, ẹgbẹ́ oníjó ń jó nínú oòrùn tó ń bóni lára. Àwọn olùdámọ̀ràn gbé pátákó kalẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀." Kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ kí ojúgbà òun rí òun níbẹ̀? Tábìlì họ́sítẹ́ẹ̀lì lèrò pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni Rhodalyn sì jókòó sí.

Ọdún kẹrin ni Rhodalyn wà. Ó ku oṣù mélòó kan kó gba ìwé ẹ̀rí, kò sì sí ọ̀nà ẹ̀yìn kankan nínú ilé ẹ̀kọ́ yẹn tí kò mọ̀. Manang ni gbogbo àwọn ọmọ tuntun ń pè é, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn bí wọ́n bá ti pè é ní ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọmọ náà láàánú. Àánú yẹn gan-an ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọbìnrin kan tẹ́ẹ́rẹ́ dé iwájú rẹ̀. Àpò ìrẹsì ló di aṣọ sí. Orí òkè ní agbègbè Antique ló ti ń bọ̀, ó ti wọkọ̀ láti ìdájí, ekuru ojú ọ̀nà ṣì wà lára irun rẹ̀.

"Inday, àbúrò mi, kí lorúkọ rẹ?"

"Ligaya ni, Manang."

"Ligaya! Orúkọ ìyá arúgbó! Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá arúgbó náà ni."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Rhodalyn na fọ́ọ̀mù sí i, Ligaya sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń yọ ahọ́n díẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ ìdánwò. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé, ṣé àìsàn kan wà lára rẹ tó yẹ ká mọ̀? Ligaya kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Wárápá. Ó ti ń ṣe mí láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́."

Rhodalyn fi ọwọ́ bo fọ́ọ̀mù náà kíákíá, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́.

"Ta ló ní kó o kọ èyí?"

"Ìyá mi, Nanay, ni. Wọ́n ní kí n má fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé Nanay rẹ ló fẹ́ sùn sí họ́sítẹ́ẹ̀lì ni? Gbọ́ mi dáadáa, Inday. Tó o bá kọ èyí, o ò ní rí bẹ́ẹ̀dì."

Kì í ṣe àròsọ ló ń sọ. Lọ́dún kejì rẹ̀, òun náà fi òtítọ́ kọ ọ́ pé òun ti ní ikọ́ ife rí. Ó ti san pátápátá nígbà yẹn. Wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sílé títí dókítà á fi sọ̀rọ̀. Dókítà ò tètè sọ̀rọ̀. Odindi sáà ẹ̀kọ́ kan ló fi jókòó sílé, tó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lọ. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun pé kí wọ́n kọ síbẹ̀: "Kò sí." Òun nìkan kọ́ o. Gbogbo àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tuntun ti dé. Perpetua ni wọ́n ń pè é, tábìlì rẹ̀ kò sì ju ogún ìṣísẹ̀ lọ síbi tí Rhodalyn wà. Lọ́jọ́ Ajé, ó pe gbogbo àwọn tó ń ṣèrànwọ́ jọ, ó ní nǹkan ti yí padà. Ẹni tó bá kọ àìsàn rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò ní lé e mọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n máa fún un, bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, wọ́n á sì kọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní ohun tí wọ́n máa ṣe. Rhodalyn gbọ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò gbọ́. Ó kàn yínmú ni, ó sọ sétí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni gbogbo wọn."

Ligaya náà ti rí tábìlì yẹn. "Manang, nọ́ọ̀sì tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó wọn pé àwọn máa ń ran èèyàn lọ́wọ́."

"Àwọn wo? Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ, wọ́n á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, tó bá dọ̀la wọ́n á ní kó o máa lọ sílé. Ṣé o fẹ́ padà sílé?"

Ligaya kò ní ẹbí kankan ní Iloilo tó lè gbà á sílé. "Tí mi ò bá rí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á mú mi lọ sí Manila lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbúrò Nanay ti bá mi wá ibi tí mo ti máa ṣọmọ ọ̀dọ̀."

"Ó dáa. Ìgbà wo ló gbé ọ kẹ́yìn?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́rin."

"Ṣé o rí i! Ó ti ń lọ nìyẹn."

Rhodalyn fa fọ́ọ̀mù náà ya sí mẹ́rin, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí lábẹ́ tábìlì, ó fún un ní òmíràn. Nígbà tí Ligaya dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, báírò rẹ̀ dúró.

"Manang, ṣé irọ́ kọ́ nìyí báyìí?"

"Irọ́ kọ́. Máa lo oògùn rẹ, kó o gbájú mọ́ ìwé rẹ. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Wọ́n fún un ní yàrá kẹrìnlá ní àjà kẹta, bẹ́ẹ̀dì òkè. Ó di ọwọ́ Rhodalyn mú ṣinṣin, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Manang. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà." Inú Rhodalyn dùn títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn fi ṣú.

Ẹni tó bá ń fi nǹkan pa mọ́, kò rọrùn fún un láti máa lo oògùn. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ló wà nínú yàrá yẹn, wọn kì í sì í rí nǹkan kí wọ́n má béèrè. Inú ilé ìwẹ̀ ni Ligaya ti ń gbé oògùn mì. Láàárọ̀ tí ìlà bá gùn níbẹ̀, á sáré lọ sí kíláàsì láìlò ó, á ní òun á lò ó tóun bá dé. Rhodalyn máa ń rí i níbi tí wọ́n ti ń jẹun, tó gbé àwo ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ dání.

"Inday, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, Manang."

Rhodalyn kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, láàárọ̀ Sátidé, Ligaya lọ wẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn tó wà lórí ìlà gbọ́ tí ike tó fi ń bomi já bọ́, wọ́n sì gbọ́ tí omi ń ta pàràpàrà nínú dúróòmù. Ọ̀kan nínú wọn ń fi í ṣẹlẹ́yà látìta pé, "Ligaya, ṣé o fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ni? Ṣẹ́ omi kù fún wa!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí omi náà dákẹ́, wọ́n tún rò pé ó ti wẹ̀ tán.

Ó pẹ́ tí kò jáde. Ìgbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ wà nínú dúróòmù. Wọ́n fà á jáde. Ẹni kan ní ẹ̀mí àìmọ́ ni, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, àwọn kan sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì Perpetua sáré gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó sa gbogbo ipá rẹ̀. Ọmọ náà ti lọ. Ha! Ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Ìyá rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé. Màdáámù Villacrusis, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, bá a kẹ́dùn, ó sì fi fọ́ọ̀mù hàn án. "Ọmọ yín fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́ fún wa ni, Nanay. Ẹ wò ó. Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìyí." Obìnrin náà wò ó títí, ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀ọ̀dẹ̀. Rhodalyn ti wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè é pé kó wá sọ bí ọmọ náà ṣe kọ fọ́ọ̀mù.

"Ìwọ ni Manang tó bá a rí bẹ́ẹ̀dì?" ni ìyá náà bi í. "Ó máa ń dárúkọ rẹ fún mi."

"Èmi ni, Nanay."

"Ọjọ́ tó dé ibí, ó pè mí lórí fóònù. Mo bi í pé, ṣé o kọ àìsàn rẹ sílẹ̀? Ó ní, 'Mo kọ ọ́, Nanay.'" Obìnrin náà fẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kò purọ́ fún mi rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó wá purọ́ fún mi, irọ́ náà ló pa á. Mò ń bínú sí i. Mo fẹ́ sin ọmọ mi lọ́la, mo ṣì ń bínú sí i."

Kò sẹ́ni tó rí Rhodalyn nígbà tó fa ìwé yẹn ya. Tó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, á gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, á máa lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti rò ó láti Sátidé, kò tíì sùn.

"Nanay, kò purọ́ fún yín."

Ìyá náà yíjú sí i.

"Ó kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó kọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ni mo fà á ya. Èmi ni mo ní kó kọ pé kò sí."

Ó ń retí kí obìnrin náà gbá a létí. Ó tiẹ̀ fẹ́ kó gbá a.

"Ó kọ ọ́?"

"Ó kọ ọ́, Nanay."

"Gbogbo rẹ̀? Ó kọ oògùn mọ́ ọn?"

"Gbogbo rẹ̀. Pé láàárọ̀ àti lálẹ́ lòun ń lò ó."

Ìyá náà di ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún rántí pé èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

"Dìde," ló wí. "Wọlé lọ bá wọn. Sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí wọ́n yéé pe ọmọ mi ní òpùrọ́. Tó o bá jáde, ọ̀nà ibòmíràn ni kó o gbà. Mi ò fẹ́ rí ọ mọ́."

Rhodalyn dìde, ó kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní kó wọlé.