Àgùntàn Tó Ń Rìn ní Cwm Brwyn

"Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, kí ẹ gbé mi jù sáàárín adágún yẹn, kí ẹsẹ̀ mi ṣáà ti kan òkúta kan nísàlẹ̀ omi. Màá pe orúkọ òkúta náà fún yín. Màá pe orúkọ bàbá ẹ̀. Màá tún sọ ìyá tó pọ̀n ọ́n!"

Ẹnu Hefin alápatà ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ ńlá lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó já a níyàn. Ta ló fẹ́ já alápatà níyàn nídìí pákó ẹran? Èmi Tudur, ẹnìkejì ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mò ń mirí. Bá a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyẹn: Hefin á sọ̀rọ̀, èmi á mirí.

Ife ló fa gbogbo ìpariwo náà. Ife fàdákà kan wà tí ẹgbẹ́ apẹja wa ń fún ẹni tó bá mú ẹja tiráòtù jù lọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù Keje. Lọ́dọọdún ni Hefin ń sọ pé òun lòun máa gbà á, lọ́dọọdún náà ni Ithel àgbẹ̀ ń gbé e lọ sílé. Àmọ́ tọdún yìí yàtọ̀. Hefin ti palẹ̀ sọ́séèjì mọ́ kúrò nídìí gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ti tẹ́ aṣọ pupa síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ife máa jókòó sí, láàárín itan àgùntàn àti ẹ̀dọ̀ màlúù, kí gbogbo ayé máa kí i. Ṣebí Ithel ti já bọ́ lórí tíráktọ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sì wà nínú símẹ́ńtì funfun àwọn dókítà? Ta ló tún kù tó lè dènà?

Ọ̀dá ló kù.

Láti oṣù Karùn-ún ni òjò ò ti rọ̀. Ní abúlé wa, Cwm Brwyn o! Níbi tí ọmọ tuntun ti ń mọ ariwo òjò kó tó mọ ohùn ìyá ẹ̀! Adágún tí wọ́n fi ìsédò sé ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́ bí irun iwájú orí àgbàlagbà. Ògiri abúlé àtijọ́ tí omi ti bò mọ́lẹ̀ yọrí. Ẹnu ọ̀nà kan dúró láìsí ilé lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo ẹja sá jọ síbi jíjìn kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá ògiri ìsédò, gbogbo apẹja sì sá tẹ̀ lé wọn. Ọkọ̀ ń gbún ọkọ̀ nídìí. Bó o bá ju ìwọ̀ síwá, fìlà ẹlòmíì lo máa fà wálé.

Eluned, alábòójútó adágún, bẹ̀ wá títí. Obìnrin yìí ló fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́ àwọn ẹja náà láti ìgbà tí wọn ò tíì tó ìka ọwọ́.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, omi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́," ló wí. "Inú omi tútù ni ẹja yìí ti ń mí. Bẹ́ ẹ bá fà á sókè báyìí, bẹ́ ẹ tiẹ̀ dá a padà, kò ní yè é. Ẹ jẹ́ ká ti adágún yìí."

"Eluned, òfin ni òfin," Hefin dáhùn. "Ṣé Àgùntàn ti gbẹ lẹ́sẹ̀?"

Òfin wa rèé. Òkúta funfun kan wà létí omi, ó tóbi tó àgùntàn tó dùbúlẹ̀, Àgùntàn náà la sì ń pè é. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ ló fi lélẹ̀ pé bí Àgùntàn bá gbẹ lẹ́sẹ̀, kí ìwọ̀ náà gbẹ. Bí omi bá ti fà débi tí èèyàn lè rìn yí òkúta náà po kí bàtà ẹ̀ má tutù, ìpẹja parí nìyẹn, ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀. Nǹkan kan péré la fi kún un lọ́dún yìí, kí Eluned lè jẹ́ ká sinmi: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹja lọ sílé. Tó o bá mú un, kí ẹnìkejì rẹ nínú ọkọ̀ rí i, kó o sì dá a padà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdíje, omi tó kù nídìí Àgùntàn ò lè bo ẹsẹ̀ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Hefin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tudur, ẹ̀yìn ń dùn ọ́."

"Ẹ̀yìn mi kẹ̀? Rárá o, Ẹ̀gbọ́n, ara mi le."

"Mo ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Ẹ̀yìn ń dun èmi náà. Àwa méjèèjì ò lè jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí."

Bí wọ́n ṣe ń kọ orin àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ làwa méjì tí ẹ̀yìn ń dùn ń fi ọ̀pá irin yí òkúta. A yí i lọ sísàlẹ̀ títí omi fi kàn án níkùn. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tú, tí àwọn èèyàn rìn wá wo omi, Hefin ti dúró níbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ wá wò ó! Omi ti pọ̀ sí i! Ẹ yin Olúwa!"

Pásítọ̀ wa wo ojú ọ̀run. Kò sí ìkùukùu kankan tó lè bo ojú eṣinṣin. "Omi yẹn wá láti ibo?"

"Láti abẹ́ ilẹ̀ ni, Pásítọ̀! Àdúrà yín ló gbà!"

"Àmọ́ mi ò tíì gba àdúrà òjò o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fi í sí."

Gbogbo wa yọ̀. Ayọ̀ náà ò gbó. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo máa débẹ̀, Àgùntàn ti wà lókè nínú koríko, ó gbẹ fúrúfúrú, àgùntàn gidi méjì sì dùbúlẹ̀ tì í bí ẹni pé wọ́n jọ wá láti ilé kan náà. Ithel dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi ọwọ́ tó kán kọ́ ọrùn.

"Ó mà ṣe o," ló ń wí. "Ọ̀dá yìí le. Àgùntàn ti gbẹ lẹ́sẹ̀, kò sí ìdíje mọ́. Ife á ṣáà fara dà á lọ́dọ̀ mi dọdún tó ń bọ̀."

Hefin wo òkúta. Ó wo omi. Ó wo ipa táyà tíráktọ̀ tó ti etí omi wá títí dénú koríko. Ó wá wò mí. Kí ló fẹ́ sọ? Ẹni tó jí ewúrẹ́ ò lè kígbe olè nígbà tí wọ́n bá jí i lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn pe gbogbo wa lọ. Abúlé dá páropáro. Eluned nìkan ló ní òun níṣẹ́ láti ṣe. Nígbà tá a dé lálẹ́, a rí ipa táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá létí omi, ó jinlẹ̀ wọnú ẹrẹ̀.

"Ithel ti lọ háyà ọkọ̀ akẹ́rù," Hefin sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti gbé Àgùntàn lọ pátápátá!"

A sáré débẹ̀. Àgùntàn wà níbi tó wà. Kò tiẹ̀ mira.

"Kí ló wá fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣe nígbà yẹn?" ni mo bi í.

"Má bi mí," ni Hefin wí. "Orí ń fọ́ mi."

Lọ́jọ́rú, nígbà tí Ithel ń mu tíì lọ́wọ́, a yí Àgùntàn padà sínú omi. Lọ́jọ́bọ̀ ó ti wà lókè. Lọ́jọ́ Ẹtì ó tún tutù. Ọ̀rọ̀ wá di rúdurùdu fún gbogbo abúlé. Àwọn kan ní adágún wa ti ní ìgbì, pé ó ń lọ ó ń bọ̀ bí òkun Aberystwyth. Obìnrin kan nídìí iṣẹ́ búrẹ́dì ní kí wọ́n yẹ ìsédò wò, bóyá ó ń mí.

Nígbàkigbà tí Àgùntàn bá ti tutù, a ó sáré wọnú ọkọ̀. A ó ju ìwọ̀ wa tá a fi ìyẹ́ ṣe bíi kòkòrò, a ó fà á, a ó tún un jù. Kò sí nǹkan tó jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, bá a bá sọ pé kò sẹ́ja, ẹnu Eluned á gbà á, á ti adágún, Ife á sì jókòó sílé Ithel. Hefin ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀.

"Ẹja márùn-ún ni mo mú lónìí," ló kéde bá a ṣe gúnlẹ̀. "Mo dá gbogbo wọn padà. Tudur rí i."

"Mo rí i," ni mo wí.

"Tudur náà mú mẹ́rin."

"Mo mú mẹ́rin." Èmi gan-an ló kọ́kọ́ yà lẹ́nu.

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì gbọ́, àwọn náà wá mú mẹ́fà. Ọkọ̀ kẹta mú mẹ́jọ, ọ̀kan sì tóbi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kí wọn káàárọ̀. Ithel ní tiẹ̀ ń rìn káàkiri abúlé pẹ̀lú ojú ẹkún: òkú ẹja ló kún ojú omi, òun ti ń fi ọwọ́ òsì sin wọ́n sínú oko kábéèjì. Ẹja tó ń yọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ló ń kú lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó máa ń dúró ṣọ́ ẹja létí omi ti fò lọ sórí òrùlé ilé ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí adágún. Mo rí i. Mi ò bi ẹyẹ ní nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta wá pé. Gbogbo wa dé pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja, aṣọ pupa sì ń dúró de Ife ní ṣọ́ọ̀bù. Kí la bá? Ọ̀pá irin wa àti okùn tíráktọ̀ Ithel ti parí iṣẹ́ wọn. Àgùntàn ti là sí méjì. Orí wà nínú omi, ìdí wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ó tutù!" Hefin nawọ́ sí orí.

"Ó gbẹ!" Ithel nawọ́ sí ìdí.

"Ibi tí orí bá wà ni ẹran wà!"

"Ṣé orí ni òfin sọ? Ẹsẹ̀ ni! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ, ojú ẹ rí i!"

"Ẹsẹ̀ iwájú ńkọ́?"

"Hefin, o fẹ́ gé òfin wa ní kílò kílò? Nídìí pákó ẹran ẹ lo rò pó o wà?"

"Ìwọ tó o fi tíráktọ̀ wọ́ òkúta!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n wọ́ ọ?"

Pásítọ̀ là wọ́n. "Ẹ dákẹ́ ná. Bóyá méjèèjì yìí kọ́ ni Àgùntàn. Òkúta funfun pọ̀ níbí látìgbà tí omi ti fà. Hefin, ìwọ lo mọ orúkọ bàbá òkúta. Èwo ni ojúlówó?"

Gbogbo ojú wá sára ẹ̀. Òógùn bò ó. Ó rìn lọ rìn bọ̀, ó rí òkúta funfun kan tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́bàá omi, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù dáadáa. Ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lọ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Èyí ni! Àgùntàn gan-an nìyí! Níbo ni n ò ti ní mọ̀ ọ́n?"

Òkúta náà dìde, ó ké "bẹ̀ẹ̀ẹ̀", ó sì lọ jẹko.

Nígbà tí ẹ̀rín máa rọlẹ̀, Eluned ti dé. Ó jókòó sórí ìdí Àgùntàn, ó ṣí fílásìkì tíì ẹ̀. Gbogbo wa yí i ká, à ń pariwo.

"Eluned, dá ẹjọ́ yìí! Ṣó ṣí àbí ó tì?"

"Kí ló dé tó fi máa tì?" Hefin kígbe. "Ẹja kún inú ẹ̀ fọ́fọ́! Lánàá yìí nìkan, mélòó la mú, Tudur?"

"A mú wọn rẹpẹtẹ," ni mo wí.

"Irọ́ ni!" Ithel fò sókè. "Òkú ló kún ibẹ̀! Òkú ẹja mẹ́wàá ni mo fi ojú mi rí láàárọ̀ yìí!"

Eluned fẹ́ atẹ́gùn sí tíì ẹ̀. Ó mu díẹ̀.

"Ó ṣí," ló wí. "Ẹ máa pẹja yín lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tẹ́ ẹ lọ ìpàtẹ ni mo ti fi ọkọ̀ akẹ́rù kó gbogbo ẹja inú ẹ̀ lọ sí adágún orí òkè."