Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn Kíláàsì

Ẹni tó bá fẹ́ fi olùkọ́ kíláàsì kẹrin ṣe yẹ̀yẹ́, kó pè é ní Ìyá Oníbẹ́ǹṣì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ yòókù ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Òun ló gbé bẹ́ǹṣì pákó kan sí ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀, tó ní kí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo lọ jókòó síbẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀: a kì í bi ẹni tó jókòó níbẹ̀ ní ìdí, a kì í sì í jẹ́ kó dá jókòó. Ọmọ kíláàsì kan gbọ́dọ̀ lọ bá a.

Tìtorí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ ló ṣe gbé e wá. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú, kò lanu sọ̀rọ̀ nílé ìwé mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sórí bẹ́ǹṣì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a jókòó, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò jáde.

Ọ̀gá àgbà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Tí bàtà rẹ̀ bá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, eṣinṣin pàápàá á wá ibi tó dáa bà sí.

"Ilé ìwé la kọ́, a ò kọ́ ilé ìsinmi," ló wí fún olùkọ́ náà. "Mò ń bọ̀ wá wo kíláàsì yín lọ́la. Tí mi ò bá rí ohun tí bẹ́ǹṣì yẹn ń ṣe, káfíńtà á gbé e lọ."

Nígbà tó dé, àyà olùkọ́ ń já débi pé ó gbàgbé láti wá àga fún un. Ọ̀gá àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì lọ jókòó síbi kan ṣoṣo tó ṣófo, orí bẹ́ǹṣì.

Lójú àwọn ọmọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: ọkàn ọ̀gá wúwo, ó sì dá jókòó. Ṣùgbọ́n ta ló láyà àtilọ jókòó ti ẹkùn?

Olùkọ́ fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ Jẹ́jẹ́ ti dìde. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì jókòó ti ọ̀gá àgbà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni ọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ ò ní láti sọ nǹkan kan. Mo kàn wá bá yín jókòó ni."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́.

Ọ̀gá àgbà fẹ́ sọ pé iṣẹ́ lòun wá wò. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ọsibítù," ló rọra wí. "Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ìyá mi náà pẹ́ níbẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn.

Àwọn méjèèjì kò dìde títí agogo fi lù. Nígbà tí ọ̀gá àgbà ń jáde lọ, ó dúró níwájú olùkọ́.

"Káfíńtà á wá lọ́sàn-án," ló wí. Inú olùkọ́ bà jẹ́. "Ẹ ní kó mú bẹ́ǹṣì yẹn gùn sí i. Ó ti há jù fún wa."

Inú olùkọ́ dùn, ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ǹṣì ló ń wò. Jẹ́jẹ́ ti padà sáàyè rẹ̀, ó ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ìṣirò, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo kíláàsì. Olùkọ́ tí kì í gba ariwo láyè yìí ká apá mọ́ àyà bí ẹni pé òun ló bí ọmọ náà, ó sì jẹ́ kó máa pariwo lọ.