Èèkù Ọ̀bẹ Fọlọ́runṣọ́

Àwọn méjì péré ló kù ní ṣọ́ọ̀bù Alájì Rájí ní Bajulaiye: Ràmọ́nù Àkànó, ọmọ Ìsẹ́yìn, àti Fọlọ́runṣọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ìjọba ṣọ́jà tó dé, kí gbogbo nǹkan tó wọ́n gógó, agbẹ́gilére kún ibẹ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó síta lábẹ́ páànù. Òyìnbó ló ń ra ère wọn nígbà náà. Òyìnbó ti kó ẹrù wọn lọ. Ọ̀pá àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ni wọ́n ń gbẹ́ báyìí, ọ̀pá kúkúrú tí wọ́n máa ń há sí abíyá, tó ní orí ẹyẹ idì lókè. Ọ̀gá ṣọ́jà kan kì í sì í lò ju ọ̀pá kan lọ.

Gbogbo irin ọ̀bẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ti Alájì ni. Èèkù ni ti agbẹ́gilére. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ọjọ́ tí o bá gba iṣẹ́, wàá gbẹ́ èèkù tí ó bá ọwọ́ rẹ mu, wàá kàn án mọ́ irin lójú Alájì. Ọjọ́ tí o bá ń lọ, wàá yọ èèkù rẹ, wàá sì fi irin sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan èèkù ẹlòmíì, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń bára wọn jà.

Aromọléegun ń yọ Fọlọ́runṣọ́ lẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìka rẹ̀ kì í fẹ́ ká. Ohun tí ó wá ń ṣe ni pé á mú ẹ̀bà àná wá láti ilé, á fún un mọ́ ọwọ́ bí ìgbà tí ó di ọ̀bẹ mú, á sá a sóòrùn kí ó gbẹ. Ojú ìka tó bá hàn lára ẹ̀bà yẹn ló máa wò, á fi gbẹ́ igi gúrófà: ikùn rẹ̀ á tóbi díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ lè rí nǹkan sinmi lé, á tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí àtàǹpàkò wà, á sì jin díẹ̀ fún ìka ìfábẹ̀lá. Lẹ́yìn náà, á fi àdín rẹ èèkù náà, á fi bébà ìròyìn dì í títí àdín yóò fi wọ̀ ọ́ lára.

Àkànó kò lè rí i kó má sọ̀rọ̀.

"Ẹ wá wo ọkùnrin o!" Á pariwo kí àwọn tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kejì lè gbọ́. "Aráyé ń tò fún gàrí, ìwọ ń fi ẹ̀bà wọn ọwọ́! Fọlọ́runṣọ́, oṣù mélòó ni oyún ọ̀bẹ rẹ yìí?"

Àwọn atẹ̀wé á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Fọlọ́runṣọ́ kì í bínú.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ wá. N ó gbẹ́ tiyín fún yín."

"Ọwọ́ òsì mi yìí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Àkànó nìkan ló ń fi ọwọ́ òsì gbẹ́gi nínú wọn. Fọlọ́runṣọ́ a máa sọ pé bí wọ́n bá da òkìtì ère sílẹ̀, òun á ṣa ti Àkànó jáde láì ṣìṣe, nítorí pé ipa ọ̀bẹ rẹ̀ lára igi máa ń dà sí apá ibi tí ti ẹnikẹ́ni kì í dà sí. Àkànó fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́. Ohun tí kò fẹ́ràn ni iṣẹ́ Fọlọ́runṣọ́ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti ń lo èèkù olóyún, iṣẹ́ rẹ̀ ń dán sí i. Ìyẹ́ ẹyẹ tó bá gbẹ́, ó ń ṣe bíi pé atẹ́gùn lè gbé e. Ìlara mú Àkànó, ó sì mú un gan-an.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, Alájì pe àwọn méjèèjì.

"Iṣẹ́ kò tó èèyàn méjì mọ́," ó ní. "Lọ́jọ́ Sátidé, kí olúkúlùkù gbẹ́ orí idì kan lójú mi. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló máa dúró."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Alájì lọ kírun, Àkànó tẹ̀ lé e dé ìyànà, ó ní òun gbàgbé tẹ̀súbáà òun, ó sì padà. Fọlọ́runṣọ́ ti lọ wá nǹkan jẹ. Àkànó mú ọ̀bẹ ńlá Fọlọ́runṣọ́, èyí tí ọkùnrin náà máa fi gbẹ́ ẹnu ẹyẹ. Kò fọ́ èèkù náà. Kò ya wèrè. Ó kàn ha díẹ̀ kúrò níbi tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ fún àtàǹpàkò, tó fi di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ha díẹ̀ lára ikùn rẹ̀, ó fi àdín pa ojú ibẹ̀. Ẹni tó bá kàn wò ó kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi àyán líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ni yóò mọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, lójú Alájì, Fọlọ́runṣọ́ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ yí mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja tútù, ó sì wọ ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ títí dé egungun. Ẹ̀jẹ̀ tú yàà.

"Igi! Igi!" ni Alájì kígbe. "Má jẹ́ kó kán sí igi ọ̀gá ṣọ́jà!"

Àkànó ló yára gbé igi náà kúrò. Igi ló gbé, kò wo ẹni tí ọ̀bẹ gé.

Nígbà tí wọ́n ti fi àkísà di ọwọ́ rẹ̀, Fọlọ́runṣọ́ fi ọwọ́ kan yọ àwọn èèkù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sápò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó dàbọ̀," ó ní.

Àkànó jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sùn dáadáa.

Òjò ọdún yẹn lọ, ti èkejì náà lọ. Ọwọ́ òsì Àkànó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó kọ́kọ́ pa á mọ́. Serifat ìyàwó rẹ̀ ń fi omi gbígbóná jó o fún un láràárọ̀, àmọ́ nígbà tí yóò bá fi dé ibi iṣẹ́, ìka á ti tún le gbagidi. Alájì kò fọ́jú.

"Àkànó, ọwọ́ rẹ ti ń falẹ̀ jù. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ wò ọ́ bí o ṣe ń gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Bí o bá dójú tì mí, wàá yọ èèkù rẹ."

Serifat ló sọ ohun tí Àkànó fúnra rẹ̀ kò lè sọ. "Bàbá Munirat, ẹ lọ bá Fọlọ́runṣọ́ ní Pedro. Ọmọ dáadáa ni. Kò ní lé yín."

Lóòótọ́, kò lé e. Fọlọ́runṣọ́ wà lábẹ́ àtíbàbà kékeré kan, àtàǹpàkò rẹ̀ le gan-gan, kò ká mọ́. Fáìlì àti sáńdípépà ló fi ń ṣe èèkù fún àwọn alápatà àti àwọn tó ń fín igbá. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jókòó. Ọwọ́ ti ń ro yín, àbí?"

Ojú ti Àkànó. Ó kàn na ọwọ́ òsì rẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ gbé e lé ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa oríkèé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àánú sì wà lójú rẹ̀. Ó bu amọ̀ fún un.

"Ẹ fún un bí ìgbà tí ẹ bá ń gbẹ́ ẹnu ẹyẹ. Ẹ̀bà ti wọ́n jù, ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àkànó rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nǹkan náà ti wà nílẹ̀, bébà ìròyìn ni wọ́n fi dì í, wọ́n fi okùn so ó ṣinṣin.

"Ẹ má tú u títí ẹ ó fi fẹ́ kàn án," ni Fọlọ́runṣọ́ wí. "Àdín ṣì ń wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi dáná. Ẹ ò ní nílò wọn mọ́."

Àkànó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ nípa Sátidé ìjọ́sí, kò rí i. Ó ní, "Ọlọ́run á bùkún ẹ." Ó gba ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó yọ àwọn èèkù rẹ̀ kúrò lára irin Alájì; bí ó ṣe dé ilé, ó kó wọn sínú ààrò Serifat.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀gá ṣọ́jà jókòó sórí àga Alájì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn atẹ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Irin ọ̀bẹ wà lórí tábìlì láìní èèkù. Àkànó já okùn, ó tú bébà.

Igi gúrófà ni. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ dúdú lójú igi náà. Níbi àtàǹpàkò, ó rí ipa ọ̀bẹ tó dà sí apá ibi tí ti ẹnikẹ́ni kì í dà sí. Wọn kò ha á sí i, wọn kò sì tún un ṣe. Wọ́n kàn fi àdín pa á kí ó lè dán.

Kò sí èèkù mìíràn nílé, ó ti di eérú.

"Kí lò ń wò?" Alájì bi í. "Ta ló gbẹ́ èèkù yẹn?"

Kò sí orúkọ tí Àkànó lè dá tí ọ̀rọ̀ ìyókù kò ní tẹ̀ lé e jáde.

"Èmi ni," ó ní.

"Ó dára. Kàn án mọ́ ọn."

Ó kàn án mọ́ ọn. Ọ̀gá ṣọ́jà ní kó ṣe kíá, òun kò ní gbogbo ọjọ́. Àkànó gbé igi àyán lé itan, ó ká ìka wíwú rẹ̀ mọ́ èèkù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ibi tí yóò ti yọ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀bẹ yóò yí sí. Ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́.