Ìràwọ̀ Pupa Ara Ààrò

Ọmọbìnrin náà kò lè jókòó. Ẹ má bi mí pé kí ló ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ pàápàá ti bi í títí, ó ti sú u. Bó bá fìdí kan àga báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, tábìlì á máa gbọ̀n, tíì ẹni tó jókòó tì í á máa dà sílẹ̀. Níléeṣẹ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi, níbi tí wọ́n ti ń ta ààrò ńlá fáwọn oníbúrẹ́dì, Akéwì ni wọ́n ń pè é, torí lítíréṣọ̀ ló ń kà ní yunifásítì. Àwọn kan ń fi orúkọ náà yẹ́ ẹ sí, àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń jẹ́ méjèèjì.

Ohun tó ń lé e kiri kò fara sin. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, símẹ́ńtì sì ti jẹ ẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ tó sọ fún bàbá pé lítíréṣọ̀ lòun fẹ́ kà, bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó wá ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́, ọmọ mi?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo! Ìbéèrè yẹn ló ń bá a wọ kíláàsì, òun náà ló ń bá a jáde. Gbogbo ibi tó ti wá ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ní àwọn kò mọ ohun tí àwọn lè fi ẹni tó ń ka lítíréṣọ̀ ṣe, àfi ibi ààrò yìí.

Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ààrò, gbé ìwé ìlò ààrò tuntun lé e lọ́wọ́. "Wò ó, ẹnjiníà ló kọ ọ́, ó gbẹ táútáú. Bá mi tún un kọ kó ṣeé kà."

Inú Akéwì dùn ṣìnkìn. Ó tún un kọ, ó tún tún un kọ. Olùkọ́ rẹ̀ kan ti sọ fún wọn pé òǹkọ̀wé tó bá ń pe nǹkan kan lórúkọ kan náà ṣáá, ọ̀lẹ ni. Akéwì kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ jọ̀ọ́! Níbi tí ẹnjiníà ti kọ "bọ́tìnnì pupa" léraléra, ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó sọ ìkejì di "ìràwọ̀ pupa", ó sọ èyí tó kù di "ẹyinjú ààrò". Ìyá Ààrò kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ yìí, o mọ̀wé kọ o. Bó o bá ti jáde iléèwé, padà wá. Àyè rẹ wà níbí." Ló bá fi ìwé náà ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé.

Nírọ̀lẹ́, ó kà á sétí bàbá rẹ̀. Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ó dùn bí orin!"

"Ṣé ó yé yín?"

"Ṣé dandan ni kó yé mi ni? Ṣebí wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́."

Ó yẹ kí ara ọmọ balẹ̀ wàyí, àbí? Ó tì o. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ààrò náà lọ fún ẹni tó rà á, ó ní òun máa bá mọ́tò lọ, òun fẹ́ fojú ara òun rí ẹni tó máa ka iṣẹ́ òun. Mẹkáníìkì tó ń bá wọn gbé ààrò kalẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Gun ọkọ̀, jàre. Bá a bá fi ọ́ sílẹ̀ níbí, wàá kàn máa gbọn tábìlì ni."

Ilé búrẹ́dì náà kò tóbi, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ìyẹ̀fun sì ti kun ògiri. Bàbá kan tó ti dàgbà díẹ̀ ló ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Mẹkáníìkì ti so gáàsì mọ́ ààrò, tó jáde lọ kó irinṣẹ́ sínú mọ́tò, bàbá yìí fi awò sójú, ó ṣí ìwé, ó ń kà á sókè.

"Ṣí ọwọ́ gáàsì." Ó ṣí i. "Tẹ bọ́tìnnì pupa." Ó tẹ̀ ẹ́, ó yọwọ́. "Lẹ́yìn èyí, tẹ ìràwọ̀ pupa mọ́lẹ̀, má sì yọwọ́ títí iná yóò fi dúró." Ó gbójú sókè. "Ìràwọ̀ dà?"

Ó wo iwájú ààrò, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Gáàsì ń dún ṣíì. Akéwì dúró gbagidi, ó ń wo ẹni tó ń wá ohun tí kò sí, ohun tí òun fọwọ́ ara òun fi síbẹ̀. Ìgbà tí òórùn gáàsì gba imú rẹ̀ ló tó rí ohùn lò. Ó kígbe! Mẹkáníìkì já wọlé, ó ti gáàsì pa, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, gbogbo wọn sì ń wúkọ́ jáde sí gbangba. Orí ló kó wọn yọ.

Ìyá tó ni ilé búrẹ́dì sáré dé. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ bi bàbá yìí, mà," ni Mẹkáníìkì wí. "Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò kà á dáadáa." Ó ṣẹ́jú sí Akéwì, bí ẹni tó ń ṣe é lóore.

"Háà! Ẹ fẹ́ sun mí mọ́lé! Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ máa lọ sílé yín!"

Bàbá náà kò jiyàn. "Mo wá ìràwọ̀ yẹn o. Bóyá ojú mi ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Akéwì wo àwọn ọwọ́ náà, tí iná ti jó lójóojúmọ́ ayé, tí wọ́n le bíi ti bàbá òun. Bó bá panu mọ́, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ á sì máa pàtẹ́wọ́ lọ. Bó bá lanu, ó parí. Ó bọ́ síwájú bàbá náà.

"Ẹ má bọ́ ọ, sà. Kò sí ìràwọ̀ kankan. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Bọ́tìnnì pupa tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ náà ni."

Bàbá náà yí ojú sí i. "Kí ló wá dé tó ò pè é ní bọ́tìnnì?"

"Kó lè dùn ni, sà."

Kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ rí tó tì í lójú tó yẹn.

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ìyá tó ni ilé búrẹ́dì ti ní kí bàbá náà so okùn aṣọ rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n dé iléeṣẹ́, tí Akéwì ròyìn gbogbo rẹ̀, Ìyá Ààrò kò na ìka sí i, kò sì bú u. "Èmi náà kà á, mo ń rẹ́rìn-ín, n ò fi wo ara ààrò. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, àwa tún ti tẹ̀ ẹ́ síwèé. Àyè tí mo sọ yẹn, gbàgbé ẹ̀. Tún un kọ lónìí. Lọ́la, ìwọ àti Mẹkáníìkì ẹ máa lọ gba gbogbo èyí tó ti jáde padà, ilé dé ilé."

Ó tún un kọ. Bọ́tìnnì pupa, bọ́tìnnì pupa, bọ́tìnnì pupa. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá rí i, á ní kó jáde ní kíláàsì.

Nígbà tó délé, ó kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ ti lọ, ó sì sọ ohun tó gbé e lọ. Bàbá tún wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, bíi ti ọjọ́sí yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ka tuntun yẹn fún mi."

Ó ń kà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Kò dùn rárá. Bàbá na ọwọ́ òsì, ó ń ṣí gáàsì tí kò sí níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ orí tábìlì mọ́lẹ̀.

"N ò ní yọwọ́ títí iná á fi dúró?"

"Ẹ ò ní yọwọ́, sà."

Kò pàtẹ́wọ́. "Èyí, mo lè tan án," ló wí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì níbẹ̀. "Ka èyí tó kàn."