Ikán Inú Ògiri Àfáà Àdìsá

Lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kí ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, gbogbo Ìlọrin ló ń wo títì tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Ògiri pálọ̀ ni Àfáà Àdìsá ń wò ní tirẹ̀. Ikán ti dé síbẹ̀. Wọ́n ti fi amọ̀ fa ilà pupa kan láti ìsàlẹ̀ títí dé àjà, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, àfi bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jogún ilé. Ilé ọ̀hún kì í sì í ṣe ilé lásán. Ẹ̀yìn Ọjà Tuntun ló wà, bàbá Àfáà ló mọ ọ́n, kò sì sí ọmọbìnrin ilé náà kan tó relé ọkọ láìjẹ́ pé ó jókòó sí pálọ̀ yẹn, tó ka Àlùkùránì níwájú èrò lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ó kan Salimat, àbígbẹ̀yìn Àfáà.

Ẹ̀gbọ́n Àfáà, Alhaji Mùsílíù, tó ti kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí ọ̀nà Challenge, kò jẹ́ kó sinmi. "Àdìsá, mú ọmọ náà wá sílé mi. Pálọ̀ mi gbòòrò. Amọ̀ kankan ò ní já lé àlejò lórí níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dun Àfáà wọnú egungun. Ó búra pé bí ẹ̀mí òun bá wà, pálọ̀ bàbá òun ni Salimat yóò ti kàwé.

Ó wá gbé ọgbọ́n tirẹ̀ dé. Láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbáà tán, á fi tàdáà kọ ẹsẹ Àlùkùránì sójú wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́ sínú bútà, á sì rọra máa da hàntú náà sídìí ògiri láti igun kan dé ìkejì. Hàntú Àfáà Àdìsá kì í ṣe kékeré o. Àwọn tó mu ún tí ibà fi wọ́n sílẹ̀ kò lóǹkà. Kí wá ni ti ikán, tí kò tó orí abẹ́rẹ́?

Lọ́jọ́ kẹrin, ilà kan di mẹ́ta. Àfáà ní ohun tí òun kọ ló kúrú, ó bá kọ èyí tó gùn. Èyí tó gùn ń gba omi púpọ̀: bútà kan di méjì, méjì di garawa. Ilà mẹ́ta di mẹ́sàn-án. Bí Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ bá fi ìgbálẹ̀ gbá gbogbo rẹ̀ dànù láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ikán á ti tún un mọ.

"Bàbá Salimat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ pe Mọ̀múdù," ni Àbẹ̀ní bẹ̀ ẹ́. "Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ikán ni o, eku ni o, ìdun ni o, kò sí èyí tí ò mọ̀dí ẹ̀."

"Mọ̀múdù wo? Èyí tó ṣe wolé-wolé níjelòó, tó da ìkòkò omi wa nù nítorí tanwíji? Kó má dé ọ̀dọ̀ mi! Ṣé ohun tí Àlùkùránì ò bá ṣe ni pọ́ńpù oògùn ẹ̀ máa ṣe?"

Àbẹ̀ní padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó mọ ọkọ rẹ̀: bó bá ti búra, àfi kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá a dá sí i.

Ọlọ́run dá sí i lọ́jọ́ Àlàmísì, nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Alhaji Mùsílíù yà wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Àfáà ò fẹ́ kójú ti òun, ló bá dìde gbágbá. "Ẹ̀gbọ́n, ilé búlọ́ọ̀kù yín ò lágbára tó èyí. Ẹ wò ó!" Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó fi gbá òpó tó gbé àjà ró. Ọwọ́ wọlé. Kò tilẹ̀ dúró ní ọrùn ọwọ́, ó wọlé títí dé ìgúnpá, nítorí ikán ti jẹ inú òpó tán, èèpo nìkan ló kù. Eruku bo Àfáà lórí bí ẹni tó ń ti ilé ìlagi bọ̀.

Alhaji Mùsílíù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ilé alágbára! Ó ti mú onílé!" Àfáà fa ọwọ́, ọwọ́ ò jáde, ikán sì ń rìn lọ sí abíyá rẹ̀. Bó ṣe ń pariwo ló ń jó, òpó ń mì, àjà ń dún. "Ẹ má fà á mọ́, ẹ óò wó ilé lù wá!" ni Àbẹ̀ní kígbe. Kò dúró gbàyè lọ́wọ́ ẹnì kankan, ó gbá gèlè mọ́dìí, ó di ilé Mọ̀múdù.

Ọkùnrin kúkúrú kan ni Mọ̀múdù, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó kí Àfáà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fi ayùn gé ara òpó díẹ̀ kí ọwọ́ lè jáde, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Gbogbo wọn rò pé pọ́ńpù ló kàn. Kò fọwọ́ kan pọ́ńpù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló mú, ó ń fi lu igi àjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì. Ó nà gbalaja sílẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ìdí ògiri. Nígbà tó dìde, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n.

"Ta ní ń bomi rin ògiri yìí?"

Àbẹ̀ní wojú ọkọ rẹ̀. Alhaji Mùsílíù wojú àbúrò rẹ̀.

"Hàntú ni," Àfáà wí.

"Àfáà, ẹ foríjì mí. Àdúà yín ò jẹ̀bi, omi ló jẹ̀bi. Ibi tútù ni ikán ń wá kiri. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà níbí tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ wá ń pọnmi fún wọn láràárọ̀."

Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Àmọ́ Àfáà ló da omi, ikán ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ojú tì í, ojú tì í gidi. Lọ́kàn rẹ̀, Salimat ti di ti ilé búlọ́ọ̀kù. "Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn, Mọ̀múdù?" ló béèrè jẹ́jẹ́. "Ṣé ká máa mú ọmọ lọ?"

"Kò tíì bọ́. Ẹ máa ṣàdúà yín lọ, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ànọ́bì náà ní ká so ràkúnmí mọ́lẹ̀ ká tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ n bá yín so ó."

Ó sì so ó. Ó gbẹ́ ilẹ̀ tọ ipa ọ̀nà ikán títí dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí omi àlùwàlá ti ń dúró, ibẹ̀ ló ti hú ìyá wọn jáde, ó sanra, ó funfun, ó tó ìka ọwọ́. Gbogbo agbo-ilé sáré wá wò ó. Ọ̀nà lásán ni Àbẹ̀ní ti ń gbá látọjọ́ yìí, ilé wọn gan-an rèé! Mọ̀múdù la ojú omi gba ibòmíràn, ó gbẹ́ kòtò yí ìdí ògiri ká, ó wọn oògùn, ó dà á síbẹ̀, ó dí i padà. Ó mú Àhmádù káfíńtà wá pààrọ̀ òpó àti igi àjà mẹ́ta. Ó ní kí ènìyàn àti ewúrẹ́ kó jáde fún ọjọ́ méjì nítorí oògùn. Ilé Alhaji Mùsílíù ni wọ́n sì sá lọ, Àfáà fara da yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ títí etí rẹ̀ fi kún. Lẹ́yìn èyí, láìsí ẹni tó pè é, Mọ̀múdù padà wá yẹ ilé wò lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, èrò kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Salimat wọ aṣọ funfun, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àárín àwọn àfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ wà lórí awọ àgbò, àmọ́ òkè ló ń wò. Ìgbàkígbà tí àwọn obìnrin bá fò sókè tayọ̀tayọ̀, àyà rẹ̀ á já. Àjà ò mì. Eruku kan ò tilẹ̀ bọ́.

Ibi tó ti ń wòye kiri ló ti rí Mọ̀múdù lẹ́nu ọ̀nà láàárín bàtà àwọn àlejò. Ó na ọrùn, òun náà ń wo igi àjà kan náà! Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ẹ̀rín gbé Àfáà, kò lè pa á mọ́ra. Ó dìde, ó la èrò kọjá, ó fa Mọ̀múdù lọ́wọ́, ó mú un jókòó ti ara rẹ̀ lórí awọ àgbò.

Àfáà àgbà kan tẹ̀ sí i létí. "Ta nìyí? Ọ̀dọ̀ ta ló ti ké kéwú?"

"Abẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lẹ jókòó sí yẹn," Àfáà Àdìsá dáhùn, ó wí i sókè kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà lè gbọ́. Ó wá di ojú, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà.