Omi Àlejò

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gba títì," Rọ̀kíbátù bẹ̀bẹ̀. "Ọ̀nà etí ọ̀sà yẹn ò dáa."

Adéṣínà, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́ lò ń sá fún ọ̀sà? Ṣé torí títì la ṣe wá láti Ìkòròdú? Ẹ jẹ́ ká lọ jàre."

Láti àárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ náà ti ń fẹsẹ̀ rìn létí omi, tí wọ́n ń ya fọ́tò bí ẹni tí ò rí omi rí. Inú gbogbo wọn ló ń dùn àfi Rọ̀kíbátù. Ó ti sọ fún wọn pé Dùbáì ni ìyá òun ti ń ta góòlù. Ìyá ọ̀hún ò mọ ọ̀nà Dùbáì. Ẹja ló ń yan lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń lọ yìí gan-an. Ẹni tó bá máa purọ́, kò yẹ kó pa á sójú ọ̀nà ilé wọn.

Wọ́n yọ sí abà tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja. Fàlílátù gbójú sókè nídìí èéfín, ó rí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín sì ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Rọ̀kíbátù yára kọjú sí omi. Kò kúnlẹ̀, kò kí i.

Obìnrin náà wò ó díẹ̀, ó wá yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ dúró mu omi."

Ó bu omi nínú àmù, ó ń gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Rọ̀kíbátù, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ife fún un, bí èèyàn ṣe ń ṣe é fún àlejò. Rọ̀kíbátù gbà á, ó sì yára mu ún.

"Ẹ ṣé gan-an, mà," Tóyìn, ọ̀kan nínú wọn, sọ. "Èéfín yìí pọ̀ jù fún yín. Ṣé ẹ ò lọ́mọ tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni?"

"Mo ní ọ̀kan. Ìkòròdú ló wà, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó ráyè. Ọmọ dáadáa ni."

Ojú ti Rọ̀kíbátù débi pé ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa lanu gbé e mì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì kọrí sọ́nà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Rọ̀kíbátù fi dúró.

"Kí lo gbàgbé?" Adéṣínà béèrè.

"Ìyá mi ni, ọ̀gá." Ó nawọ́ sí abà náà. "Ìyá mi nìyẹn. Mi ò ní ẹnikẹ́ni ní Dùbáì."

Kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ó sáré padà, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ dárí jì mí."

"Dìde," Fàlílátù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ń wò ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò, mà."